Pósí Tí Wọ́n Fi Mí Sí Nínú Fíìmù

                                        Yàrá kẹrìnlá, òkè pátápátá,
                                        Òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ bá mi sọ fún onígbàjámọ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù yín pé irọ́ ló ń pa! Ó ní torí kí ènìyàn dúdú kan ṣáà lè wà nínú fíìmù ni wọ́n ṣe mú mi? Èmi Ọ̀yájú? Ojú mi ló gba ìdajì pátákó tó wà níwájú fèrèsé mi yìí. Eyín mi kan ṣoṣo níbẹ̀ gùn ju abẹ ìfárí ẹ̀ lọ. Ojú tiẹ̀ ńkọ́, ibo ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ rí?

Ẹ má bínú, mi ò tíì kí yín. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Orúnkún Màámi ńkọ́? Ẹ̀yìn tó ń dùn yín nídìí máṣíìnì, ṣé ó ti fúyẹ́? Kí àwọn ọmọ má gbàgbé ojú mi o. Tí wọ́n bá gbàgbé, kí wọ́n wo pátákó.

Ẹ rántí ìwé àwọn òkú tó ń jí mu ẹ̀jẹ̀, tí ẹ kà fún mi nígbà tí ẹ ń rán aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé. Aṣọ́bodè wọn nìkan ló dúdú nínú wọn, òun náà ló kọ̀ tí ò ṣílẹ̀kùn, kí wọ́n má baà lọ pa ará abúlé. Ẹ dá máṣíìnì dúró, ẹ ní, "Eléyìí ń sọ̀rọ̀ bíi Bàámi olóògbé."

Nígbà tí wọ́n mú mi ṣe Aṣọ́bodè, àwọn kan pariwo lórí fóònù pé òkú amùjẹ̀ dúdú ò sí. Bí ẹni pé wọ́n ti bá èyí tó funfun pàdé rí! Ọ̀rọ̀ Aṣọ́bodè tí ẹ kà sínú fóònù mi, mo gbọ́ ọ títí ó fi wọ̀ mí lára.

Àṣé mò ń tan ara mi ni. Olùdarí ní fíìmù ti gùn jù. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀gá òṣèré, aláwọ̀ funfun. Èmi di ẹni tó ń sùn nínú pósí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Káfíńtà ò wọn èjìká mi. Tí wọ́n bá ti dé ọmọrí, mi ò lè họ imú. Mò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Bàámi lẹ́nu ẹlòmíì lókè orí mi, mò ń mí díẹ̀díẹ̀.

Mo ní mò ń lọ. Akọ̀wé wọn ṣí ìwé tí mo fọwọ́ sí: fíìmù mẹ́ta, ojú mi di tiwọn fún ọdún mẹ́fà. Ìwé tí ẹ ní kí n fi ránṣẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ kà, tí mo ní, "Ṣé ọmọdé ni mí ni?" Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ, tèmi, ọwọ́ ni.

Lónìí wọ́n mú mi síwájú àwọn akọ̀ròyìn kí n sọ pé inú mi dùn, pé gbogbo àwọ̀ ló ráyè nínú fíìmù yìí. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo fẹ́ sọ ọ́. Ni obìnrin kan bá bi mí pé, "Kí ni Aṣọ́bodè ń ṣe gan-an?" Mo rántí ẹ̀yin àti máṣíìnì. Mo gun orí tábìlì, mo nà gbalaja, mo dijú. Mo ní, "Ohun tó ń ṣe náà nìyí." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi olùdarí.

Látìgbà yẹn ni akọ̀wé ti ń pè. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni fíìmù kejì máa bẹ̀rẹ̀, pósí kan náà ni. Mi ò ríbi sá. Mo dúró lójú fèrèsé, mo sọ ọ̀rọ̀ Aṣọ́bodè látìbẹ̀rẹ̀ dópin fún ojú mi tó wà lára pátákó. Òun nìkan ló gbọ́.

Ẹ bá mi kí Màámi àti àwọn ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ti pósí fún onígbàjámọ̀ o. Ti eyín nìkan ni kẹ́ ẹ sọ.

Tí ẹ bá pè tí kò wọlé, ẹ má jáyà. Akọ̀wé tún ti ń pè. Mo ti pa fóònù.

Àbúrò yín aláìgbọràn,
Ọ̀yájú