Ibùsùn tí a gé ẹsẹ̀ rẹ̀

Ìkòròdú, Sátidé, oṣù kẹta, 2006

Màmá mi sùn nínú yàrá wọn lọ́sàn-án òní. Láti ìgbà tí mo ti mú wọn wá láti Ẹ̀pẹ́, orí àga pálọ̀ ni wọ́n ń sùn. Lánàá, wọ́n ní àwọn ń padà sílé.

"Ibùsùn yẹn ga jù. Ṣé ẹyẹ ni mí?"

Láàárọ̀ yìí, mo ní kí káfíńtà gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó mi figbe ta: "Bàbá Ràṣídá, bẹ́ẹ̀dì tuntun!" Mo ní tí Màmá ò bá lè sùn lé e, kò tíì di ibùsùn.

Mo ṣí fèrèsé sí atẹ́gùn ọ̀sà. Wọ́n hanrun títí ìpè ìrun Alásàrì fi dún.

Ó dá mi lójú pé wọn yóò dúró. Mo bi wọ́n bóyá kí n lọ gbé àpótí aṣọ wọn wá láti Ẹ̀pẹ́.

"Jẹ́ kí n sun ti òru òní wò ná."