Bí Mo Ṣe Tún Àtùpà Gáàsì Èbúté Ṣe

Ilé Mùnírù,
Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí Èbúté,
Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí.

Fàrídátù ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé nínú yàrá rẹ ní Jàkàńdè, kó sì máa dì ọ́ mú lórí àtẹ̀gùn gíga tí o ń gùn kí o tó dé ibẹ̀. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ikọ́ yẹn ti lọ? Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́. Mo mọ̀ pé o ó béèrè pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́. Ọmọ mi, fóònù kò gba ìkíni àgbàlagbà. Mi ò tí ì kí ọ dé ìdajì tí obìnrin kan á ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu pé owó mi ti tán, mi ò sì mọ ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ àpò mi fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ìwé yìí. Hakeem ayálégbé wa, èyí tó ń jó irin ní Free Zone, ló máa mú un wá fún ọ tó bá ń lọ sí Ajah lọ́jọ́ Sátidé.

Má bínú sí mi lórí iná olóòrùn tí o rà fún mi nígbà Iléyá. Mo tọ́jú rẹ̀ ju ẹyin lọ. Mo fi aṣọ wé e, mo gbé e sábẹ́ ibùsùn kí òòrùn má baà pa á láwọ̀, síbẹ̀ kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tó fi kú. Ẹni tó tà á fún ọ ló rẹ́ ọ jẹ, òòrùn tí wọ́n rọ sínú rẹ̀ kò kún. Hakeem fẹ́ ṣàlàyé nǹkan kan fún mi nípa rẹ̀, ẹ̀rín kò jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an ni àtùpà gáàsì bàbá mi. O mọ̀ ọ́n, èyí onídẹ tí a máa ń fún ní atẹ́gùn, tó máa ń hó ṣùúù tó bá ń tàn, tó ti wà lókè àjà láti ìgbà tí iná mànàmáná ti dé èbúté. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ìjì já wáyà òpó iná etí omi. Àwọn oníná ní a gbọ́dọ̀ kọ fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó wá tún un ṣe, èmi ni mo sì kọ ọ́. Wọ́n béèrè nọ́ńbà mítà. Mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n láti òpó dé etí omi, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé mítà márùn-ún ni. Títí di òní wọn ò yọjú, bẹ́ẹ̀ mi ò purọ́ fún wọn.

Ràṣídì apẹja ló kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Kùrukùru bo ojú ọ̀sà nígbà tó ń bọ̀ wálé, kò rí iná kankan, ló bá wa ọkọ̀ rẹ̀ lu àwọn igi tí wọ́n fi ń dẹ ẹja. Ọkọ̀ là sí méjì. Igi kan ló rọ̀ mọ́ títí tí wọ́n fi gbọ́ igbe rẹ̀, gbogbo apá rẹ̀ ló bó. Ojú omi yẹn náà sì ni ìyá rẹ ń gbà lọ ra ẹja ní Ẹ̀pẹ́, tí Tájù àbúrò rẹ ń wa ọkọ̀ fún un. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo gun àjà.

Ìyá rẹ ní kí n lọ sọ àtùpà náà nù, pé ó ti dàgbà jù mí lọ. Mo ní ká má dá irú òfin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé yìí, nítorí ó lè kan èmi náà lọ́la. Mo tẹ́ ẹní, mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ìpẹtà ló kún ikùn rẹ̀, ni mo bá da òkúta wẹ́wẹ́ àti kẹrosíìnì díẹ̀ sí i, mo ń mì í títí apá fi ń ro mí. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú ni mo fi bó idẹ rẹ̀, ó sì ń dán.

Hakeem ní òyìnbó kan wà nínú fóònù òun tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà. Mo kí i, kò dáhùn, mo ṣe sùúrù fún un nítorí ọwọ́ rẹ̀ dí. Nígbà tó dé ìdí awọ tó ń ti atẹ́gùn, mo ní kó dúró kí n lọ kírun Alásárì. Kò dúró. Ìgbà tí mo fi dé, obìnrin kan ti gba ipò rẹ̀, ó ń polówó ọṣẹ. Hakeem bá mi bẹ òyìnbó náà, ó sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ láìbínú. Ọmọlúwàbí ni. Awọ ti àtùpà tèmi ti gbẹ bí èèpo igi, ni mo bá gé òmíràn lára ìgbànú mi, mo rẹ ẹ́ sínú òróró àgbọn títí tó fi rọ̀.

Ó wá ku mántù, àpò funfun kékeré tó dà bí ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun, òun gan-an ló ń tàn. Hakeem ní òun á rà á nínú ọjà orí fóònù. Báǹkì fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sí mi, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kò pẹ́ tí Hakeem fi ní, Bàbá, nọ́ńbà wo ni wọ́n fi ránṣẹ́? Mo ní irú ẹ ni báǹkì ń sọ. Ó bẹ̀bẹ̀ títí, mo ki fóònù bọ àpò ṣòkòtò. Nígbà tó yá, ó ní nọ́ńbà náà ti kú. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, òkú kì í tú àṣírí.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Olúdélé, tó máa ń fi irú àtùpà yìí háyà láyé ọjọ́un, ni mo ti wá rí ẹyọ kan. Ó ní ọjọ́ ìsìnkú òun lòun tọ́jú rẹ̀ dè. Mo bẹ̀ ẹ́ kó yá mi, kó má sì kú títí n ó fi rí òmíràn dá padà. Ó gbà.

Lọ́jọ́ Alàmísì, ìyá rẹ àti Tájù ti lọ sí Ẹ̀pẹ́. Lẹ́yìn Alásárì, òjò ṣú, kùrukùru sọ̀ kalẹ̀ bo gbogbo ọ̀sà, o ò lè rí ìka ọwọ́ rẹ. Mo pe fóònù Tájù, kò lọ. Mo tan àtùpà, iná pupa kan fò jáde, ó jó mi ní ìpéǹpéjú. Mo tún un tàn, èéfín ló ń rú. Àwọn èèyàn ní kí n fi sílẹ̀, pé Ọlọ́run á kó wọn yọ. Mo ní Ọlọ́run náà ló fún mi lọ́wọ́. Ihò tí epo ń gbà jáde ló dí. Mo yọ fọ́nrán kan ṣoṣo lára wáyà kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà Hakeem, mo fi gún ihò náà jẹ́jẹ́, mo fi sípírítì mú ọrùn rẹ̀ gbóná dáadáa, mo sì fún un ní atẹ́gùn. Fàrídátù, ó tàn! Ó funfun báláú.

Mo gbé e dúró létí omi pẹ̀lú ọwọ́ mi, nítorí atẹ́gùn ń gbá a lórí òpó. A gbọ́ ìró ẹ́ńjìnì tó ń lọ sápá ọ̀tún, síbi àwọn igi ẹja gan-an. Mo na ọwọ́ sókè bí mo ti lè nà án tó. Ìró náà dẹ̀, ó yí padà, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, títí imú ọkọ̀ fi yọ. Ìyá rẹ sọ̀kalẹ̀, kò kí mi. Ó bi mí pé ta ló ní kí n wá dúró sínú òtútù, ó sì tú ìborùn rẹ̀, ó fi bo èjìká mi. Tájù ló sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ kejì pé nígbà tí òun rí iná náà, òun rò pé ti ọkọ̀ mìíràn ni, òun ò fẹ́ tẹ̀ lé e. Ìyá rẹ ló ní kó yà síbẹ̀. Ó ní iná yẹn ń gbọ̀n, ọwọ́ bàbá yín nìyẹn.

Jọ̀ọ́, ọmọ mi, bá mi wá mántù mẹ́fà ní Ajah, gíláàsì àtùpà kan, àti ìgbànú, nítorí okùn ni mo fi ń di ṣòkòtò báyìí. Fi owó kẹrosíìnì díẹ̀ kún un, kí o kó wọn fún Hakeem lọ́wọ́. Má fi ránṣẹ́ sínú fóònù mọ́. Èyí tó o fi ránṣẹ́ nígbà kan, mo ṣí ẹ̀yìn fóònù wò, bátìrì nìkan ni mo bá níbẹ̀.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó o ṣìnà. Ibi tó bá ṣókùnkùn fún ọ, á rán ẹni tó máa dúró dè ọ́ sí ọ. Á fún ọ ní ọkọ rere, á sì fún ọ ní ọmọ tí kì í gbàgbé ilé. Àmín.

Ibí ni n ó ti dá a dúró, kí n lọ tan àtùpà. Ojú ọjọ́ ti ń ṣú, ọkọ̀ méje ló sì kù lójú omi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mùnírù.