Bàbá, Ibo Lẹ Ń Lọ Lọ́jọ́ Sọ́ńdè?

Bàbá mi, ládàáni tí gbogbo àdúgbò Alabar ń jí sí ohùn rẹ̀,

Ara mi ò tíì balẹ̀ láti ìjẹta. Mo ní kí n kọ̀wé sí yín, bóyá ọkàn mi á fúyẹ́ díẹ̀. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé agbọ́tẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni, tẹnu yín ni mo wá gbọ́.

Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi, Bàbá. Ọ̀gá tí mò ń bá kan àga ní Anloga Junction ti ti ṣọ́ọ̀bù pa, àga tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun ló gba ọjà mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo ti rìn Kumasi títí ìsàlẹ̀ bàtà mi fi lu. Ẹ mọ ìlú wa. Tí mo bá dé ọ̀dọ̀ àwọn onígbàgbọ́, wọ́n á béèrè ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lọ. Tí mo bá dé ọ̀dọ̀ àwọn mùsùlùmí ará sóńgò, wọ́n á ní ọmọ Yorùbá ni mí, kí n lọ bá àwọn èèyàn mi. Adwuma nni hɔ, iṣẹ́ ò sí, lorin gbogbo wọn.

Ibi kan ṣoṣo tí mo gbọ́ pé wọ́n ń wá káfíńtà ni ṣọ́ọ̀bù Kwabena ní Bantama, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Síkírá. Ẹ mọ ìdí tí mi ò fi lè débẹ̀. Látọjọ́ tẹ́ ẹ ti lé ẹ̀gbọ́n mi jáde nítorí ó ní onígbàgbọ́ lòun máa fẹ́, a ò jẹ́ kó fẹsẹ̀ kan ilé wa mọ́. Nígbà tẹ́ ẹ kú, ó se ìrẹsì wá fún àdúrà ọjọ́ keje yín. Èmi ni mo dúró lẹ́nu géètì. Mo ní oúnjẹ ilé onígbàgbọ́ ò gbọdọ̀ wọ ibi àdúrà ládàáni, mo sì dá a padà tòun ti ìkòkò lórí. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, mo rò pé ọmọ gidi ni mí.

Ìjẹta, mo ṣí àpótí irinṣẹ́ yín, kí n lè rí nǹkan tà níbẹ̀. Lábẹ́ ayùn ni mo ti rí fọ́tò kan tẹ́ ẹ fi ọ̀rá wé. Ẹ̀yin ni, ẹ wọ kóòtù, ẹ de táì. Síkírá dúró níwájú yín nínú aṣọ funfun, kò lè ju ọmọ ọdún méje lọ. Pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí, omi ń kán láti irun rẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò náà: Jósẹ́fù àti Gréèsì, ọmọ rẹ̀. Wàláhì, mo ka orúkọ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Gréèsì tí Kwabena ń pè é, ṣebí a ti ń bú ọkùnrin náà pé òun ló yí orúkọ ọmọ wa padà.

Mo mú fọ́tò náà lọ bá Àǹtí ní Bantama, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Àṣé ọ̀gá sọ́míìlì tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn kì í gba ẹni tí kò bá sí nínú ìjọ rẹ̀ síṣẹ́. Àwọn mùsùlùmí tó kọ̀ láti lọ, ó lé wọn. Ọmọ mẹ́rin lẹ ní nílé. Ìyẹn ni ófàtáìmù tẹ́ ẹ ń lọ ní gbogbo Sọ́ńdè, tẹ́ ẹ ní Síkírá ló ń bá yín gbé oúnjẹ. Mo máa ń sunkún pé ẹ ò mú èmi náà dání. Ẹ ní kó fi Kùránì búra pé Ìyá ò ní gbọ́, Ìyá sì kú láìgbọ́. Nínú ìjọ yẹn náà ló ti mọ Kwabena, wọ́n jọ wà ní kíláàsì Bíbélì àwọn ọmọdé. Nígbà tí sọ́míìlì kógbá sílé, ẹ̀yin padà sí mọ́ṣáláṣí, ẹ tiẹ̀ di ládàáni. Òun ti fi gbogbo ọkàn gba ohun tẹ́ ẹ mú un lọ gbà, kò rí ọ̀nà padà.

Bàbá, ẹ̀yin lẹ fà á lọ́wọ́ débẹ̀. Kí ló wà lọ́kàn yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ da ẹrù rẹ̀ síta? Mo rántí pé ó wò yín lẹ́ẹ̀kan, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Mo pe ìyẹn ní ìgbéraga. Ó lè tú àṣírí yín níṣojú gbogbo àdúgbò, kò sì tú u. Lẹ́yìn tó lọ, ẹ máa ń ṣẹ́ ẹran kan kù sínú àwo yín ní gbogbo alẹ́, ẹ ò sì ní fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ta lẹ ń fi í sílẹ̀ fún?

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un lórí sìmẹ́ǹtì ilé rẹ̀. Mo rò pé tí mo bá ti bẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán. Ó gbé omi fún mi, ó bu oúnjẹ fún mi, ó ní kí n wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọkọ òun ní Mọ́ńdè. Ó ní òun ti dárí jì yín tipẹ́: ẹ̀rù kí ebi má pa wá ló mú yín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rù ẹnu ayé ló sì mú yín lé òun. Èmi ni kò tíì dárí jì. Ó ní lọ́jọ́ tí òun ru ìrẹsì wá sí àdúrà bàbá òun, kò sí ohun kankan tó ń ba èmi lẹ́rù tí mo fi dá òun padà. 

Mo ṣì fẹ́ràn yín, Bàbá.

Èmi ni,
àbíkẹ́yìn yín.