Bọ̀dá Tí Ọkọ Mi Ń Gbàmọ̀ràn Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, Láṣunwọ̀n ní Ìkòròdú ni mo ti ń gbé pẹ̀lú ọkọ mi. Òun kì í gbọ́ ètò yín, ó ní ti obìnrin ni.

Lọ́jọ́ kan, a jọ ń wo fíìmù àwọn tó ń gbé inú òfurufú tó jìnnà réré sí ayé. Ọkọ̀ wọn bú gbàmù, ariwo gba gbogbo pálọ̀. Mo ní irọ́ ni, kò sí afẹ́fẹ́ lọ́hùn-ún tó lè gbé ariwo. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí lobìnrin mọ̀ nípa sáyẹ́ǹsì.

Inú bí mi. Mo fi nọ́ńbà mìíràn wọ gúrúùpù Wasáàpù tí òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń jiyàn irú fíìmù bẹ́ẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ kan sáárá sí mi. Wọ́n rò pé ọkùnrin ni mí, mo sì ń dáhùn sí Bọ̀dá tí wọ́n ń pè mí. Ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ parí nílé wá ń kí mi lórí fóònù pé, "Bọ̀dá, ẹ kú làákàyè."

Lónìí, ó kọ̀wé sí Bọ̀dá ní kọ̀rọ̀: "Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Yunifásítì ti gba ìyàwó mi wọlé, físíìsì ló fẹ́ kà. Ṣé kí n jẹ́ kó lọ?"

Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́. Mo ti tẹ "Ẹ jẹ́ kó lọ," n kò tíì fi ránṣẹ́. Tó bá gbà, Bọ̀dá ló gbà fún, kì í ṣe èmi. Ó jókòó sí pálọ̀ báyìí, ó ń retí èsì. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n fi ránṣẹ́, àbí kí n gbé fóònù náà lọ bá a?