Ọjọ́ Tí Gìrì Gbé Àánú Nínú Ilé Mi

Sùúrùlérè, Èkó.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Rùkáyàt, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara Bàbá ti ń mókun sí i? Mo gbọ́ nípa ìjì tó ṣí òrùlé yín ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì dúpẹ́ pé páànù nìkan ló bá a lọ, kò mú ènìyàn mọ́ ọn. Ara tèmi náà le, àmọ́ ọkàn mi ò tíì balẹ̀. Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ, tí mi ò pè ọ́. Bí mo bá ní kí n fẹnu sọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹkún ni yóò dá mi dúró.

O ní o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́jú nínú yàrá yín tó kọjú sí títì. Iṣẹ́ tó dáa ni, òun náà ni mo ń ṣe láti ìgbà tí mo ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀. Ọmọ mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ mi nínú pálọ̀ mi báyìí. Ṣùgbọ́n kí o tó gba ẹyọ ọmọ kan, jọ̀ọ́, ka èyí dópin.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá, Christabel gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Àánúolúwapọ̀, ọmọ ọdún méjì, wá bó ṣe máa ń ṣe, kó tó lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìlúpéjú. Kò tíì pẹ́ tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Christabel ní ara rẹ̀ gbóná díẹ̀ lóru, ṣùgbọ́n ó ti lo oògùn. Kó tó di ọ̀sán, ara Àánú ti ń jó bí iná. Mo ń fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ nù ún lára ni ojú rẹ̀ yí sókè, ó funfun báláú. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ le gbagidi, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Gìrì ti gbé e.

Rùkáyàt, mo pariwo! Ìyá Fadilah, àgbàlagbà obìnrin tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, sáré wọlé tòun ti ṣíbí àti àlùbọ́sà. Wọ́n ní, "Adùn, jẹ́ n la ẹnu rẹ̀, kó má gé ahọ́n jẹ!" Mo rántí ohun tí nọ́ọ̀sì máa ń sọ fún wa níbi àjẹsára, pé a kì í ti ohunkóhun bọ ẹnu ọmọ tí gìrì gbé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ká fi lélẹ̀. Mo di ọwọ́ wọn mú. Mo ní, "Ìyá, ẹ dákun, ẹ má fi ṣíbí yẹn kàn án." Inú bí wọn. Wọ́n ní, "Tó bá kú sí ọ lọ́wọ́ ńkọ́?" Mo tú bọ́tìnì ọrùn ọmọ náà, mo fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, itọ́ ń hó jáde lẹ́nu rẹ̀, mo sì ń bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kí n má lọ ṣìnà. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ rọ̀. Ó mí kanlẹ̀, àmọ́ kò la ojú.

Mo pe Christabel, fóònù rẹ̀ kò lọ. Ẹnu géètì ni wọ́n ti máa ń gba fóònù lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, èmi ò sì mọ̀. Nọ́ńbà ọkọ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ mi, ti ìyá rẹ̀ kò sí. Mo wá bojú wẹ̀yìn, mo rí àwọn ọmọ yòókù tí wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, tí wọ́n ń wò mí. Ta ni yóò gbé Àánú lọ sílé ìwòsàn? Ta ni yóò dúró ti àwọn wọ̀nyí? Ìyá Fadilah tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ja ìjà ṣíbí ló gbé èyí tó kéré jù lára wọn pọ̀n. Wọ́n ní, "Máa lọ. N ò ní kúrò níbí." Mo gbé Àánú, mo bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá nílé ìwòsàn bi mí pé, "Ṣé ẹ̀yin ni ìyá rẹ̀?" Mo ní rárá, èmi ni mo ń bá wọn tọ́jú rẹ̀. "Ṣé ó ti ṣe é rí?" Mi ò mọ̀. "Oògùn wo ló lò láàárọ̀?" Mi ò mọ̀. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n jókòó síta. Aṣọ tí mo fi ń nù ún lára ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo dì í mú gírígírí.

Fadilah, ọmọ ìyá náà tó ti lọ́kọ, tí ìyá rẹ̀ pè, ló wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ Christabel ní Ìlúpéjú, tó bẹ àwọn ọlọ́dẹ títí wọ́n fi pe Christabel jáde. Nígbà tó fi máa dé, ẹkún ti há a lóhùn. Dókítà bi í ní ìbéèrè kan náà, "Ṣé ó ti ṣe é rí?" Ó wolẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé."

Ó kúnlẹ̀ síwájú mi níbẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú. Ibi méjì ni mo ti sọ ọ́, ibi méjèèjì ni wọ́n ti lé wa. Tí mi ò bá sì ṣiṣẹ́, kí la fẹ́ jẹ?" Inú ń bí mi, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí. Bí ọmọ yẹn bá kú mọ́ mi lọ́wọ́, ta ni yóò gbà pé wọn ò sọ fún mi?

Dókítà ní ibà ló fà á, ó sì dáa bí a ṣe tètè gbé e wá. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, Àánú lajú, ó ní òun fẹ́ jẹ búrẹ́dì. Èmi àti ìyá rẹ̀ jọ bú sẹ́kún ni.

Theophilus ọkọ mi ní kí n má gba ọmọ náà mọ́. Ìyá Fadilah náà ní bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà sí wọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí mo bá lé e, ibi tí Christabel bá tún gbé e dé, kò ní sọ ọ́ níbẹ̀ rárá. Mo ránṣẹ́ pè é. Mo ní kó fún mi ní nọ́ńbà ẹnu géètì wọn, ti ọkọ rẹ̀, àti ti ẹnì kan tó lè tètè dé. Mo ní kó sọ oògùn tí ọmọ ń lò fún mi, àti pé lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá gbóná, kó má gbé e wá. Ó gbà. Èmi àti Ìyá Fadilah náà fẹnu kò pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, èmi ni n óò gbé ọmọ lọ, àwọn ni yóò dúró ti ìyókù. Ti ṣíbí ni a ò tíì yanjú.

Ọ̀la ni Àánú ń padà bọ̀. Èmi ni mo ní kó máa bọ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mo mọ̀ pé bó bá sùn, mi ò ní lè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èémí rẹ̀ ni n óò máa fetí sí. Rùkáyàt, wá ẹni kejì kí o tó wá ọmọ àkọ́kọ́. Bí o bá sì ń bi àwọn ìyá ní ìbéèrè, bi wọ́n bí ẹni tí kò ní lé wọn.

Ọmọ ọlọ́mọ kò ní kú mọ́ wa lọ́wọ́ o. Ọlọ́run yóò gbé Bàbá dìde, òrùlé tuntun tí ẹ bá kàn yóò pẹ́ lórí yín, ẹ̀rín ọmọdé ni a ó sì máa gbọ́ nínú ilé rẹ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Adùnọlá.

Àfikún: Mo ti fẹ́ ká ìwé yìí nígbà tí Ìyá Ayọ̀miídé kanlẹ̀kùn. Ó ti lé lọ́dún kan tí ọmọ tiwọn ti wà lọ́dọ̀ mi. Wọn ò jókòó. Wọ́n ní, "Àǹtí, mo gbọ́ pé ẹ ò lé Àánú." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n wá rọra sọ ọ́ pé, "Asímà ń ṣe Ayọ̀miídé."