Ìyáàlé Kò Wọ Abẹ́ Àga

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá, 2025

Tíkẹ́ẹ̀tì dé! Èmi Ayọ̀bámidélé, tó ń tún ẹ̀rọ fotokópì ṣe lẹ́nu géètì yunifásítì, èmi náà fẹ́ wọ bàálù. Ìkórè ìjọ wa ní Àbújá ni, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Wọ́n ní àwọn ń wá ẹni tó mọ fèrè idẹ fun dáadáa. Bọ̀dá Àlàó, olórí àwa onífèrè, ló bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì — èyí tó pọ́ọ́kú jù. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára: báàgì kan ṣoṣo, abẹ́ àga iwájú ẹni ni yóò wọ̀. Sẹ̀ǹtímítà 45 lórí 35 lórí 20.

Mo fi téèpù wọn Ìyáàlé. (Fèrè mi nìyẹn. Ẹni tí kò tíì níyàwó, ó yẹ kó ti ní ìyáàlé.) Ó gùn ju báàgì tí wọ́n wí lọ. N kò tíì ka àpótí rẹ̀ mọ́ ọn.

Wàhálà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Àǹtí Mojí ní kí n jẹ́ kí wọ́n gbé e sí búùtù bàálù. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ilé wọn ní Igbó-Elérin ni mo ń gbé, n kò lè pariwo mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n búùtù kẹ̀? Lẹ́yìn ohun tójú Bọ̀dá Àlàó rí nígbà tí wọ́n gbé fèrè wọn sí búùtù bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ìlọrin? Nǹkan gbọọrọ ló wọlé, nǹkan pẹlẹbẹ ló jáde. Ìyàwó wọn ṣì ń fi í fẹ́ iná.

Rárá. Ọkùnrin kì í kó ìyáàlé rẹ̀ sí búùtù.

Ọjọ́rú, 8

Ọjà Alábà. Ọmọ Ìgbò kan tó ń ta báàgì fi ìyá rẹ̀ búra. "Kọ́sítọ́mà, ó máa wọlé! Ó máa wọlé, ó tún máa sùn!" Ó tì í wọlé lóòótọ́. Síìpù kọ̀. Ẹnu Ìyáàlé yọ síta bí orí ahun tó ń yọjú wo òjò. Ó ní kò burú, ó fẹ́ gba atẹ́gùn ni.

Àwòrán ọmọbìnrin ọba kan wà lára báàgì ọ̀hún, pẹ̀lú irun pupa. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí. Mo dá a padà.

Ọjọ́ Ẹtì, 10

Bọ̀dá Àlàó júwe ẹnì kan fún mi: Rùkáyàt, tó ń rán báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ìyánà-Ìba. Ìsọ̀ kékeré, máṣíìnì kan, àwọn báàgì tí etí wọn ti já rọ̀ síbẹ̀ bí ẹran ní ìsọ̀ alápatà. Ó gba Ìyáàlé lọ́wọ́ mi, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó ní òun kì í ránṣọ fún ẹni tí òun kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀, kí n fun ún. Mo fun ún. Oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kan tẹ bíréèkì lójijì, gbogbo èrò inú rẹ̀ bú mi pọ̀. Rùkáyàt kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹnu rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Igun sí igun la máa tẹ́ ẹ. Ẹ padà wá ní Ìṣẹ́gun."

Ó ń kọrin lábẹ́nu bó ṣe ń wọn ọ́n. Orin wéré, èyí tí wọ́n fi ń jí àwọn èèyàn jẹ sààrì.

Kò kàn mí o. Mo kàn ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11

Mo gé páálí ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì, mo so ó mọ́ abẹ́ àga rọ́bà Àǹtí Mojí. Bàálù nìyẹn. Wọ́n ní kí n dá àga wọn padà. Mo ní ó ti gbéra.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14

Mo gbé àga rù, mo gbé Ìyáàlé há abíyá, ó di Ìyánà-Ìba. Ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bi mí pé ibo ni wọ́n ti ń ṣèpàdé.

Báàgì náà rẹwà! Kánfáàsì dúdú, òwú pupa létí. Ìyáàlé nà gbọọrọ sínú rẹ̀ láti igun sí igun, àyè tún kù fún sùtánà mi. Àmọ́ nígbà tí a ti báàgì sábẹ́ àga, ó há sẹ́nu páálí. Díẹ̀ báyìí! Rùkáyàt ní ẹ̀bi òun ni, kí n má bínú, kí n padà wá ní Ọjọ́bọ̀.

N kò bínú.

Ọjọ́bọ̀, 16

Ó tún há.

Ó ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì fún wa. Mo jókòó sórí bàálù, òun jókòó sídìí máṣíìnì. Ó ní òun náà kò wọ bàálù gidi rí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí òun bá wọ̀ ọ́, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni òun máa jókòó sí, kí òun wo ìsọ̀ òun látòkè bóyá ó gún régé. Mo sọ fún un pé Ìyáàlé ni mo ń pe fèrè. Ó rẹ́rìn-ín títí òwú fi já. Ó ní, "Ta wá ni ìyàwó kékeré?"

Èmi tí mo lè fi èémí kan ṣoṣo fun ègbè orin tán, búrẹ́dì ni mo fi dí ẹnu mi.

Bí mo ṣe ń lọ, ó ní, "Rọra o. Wá ní Ajé."

Rọra. Kì í ṣe "ẹ rọra". Wá. Kì í ṣe "ẹ wá"!

Ọjọ́ Àìkú, 19

Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Àárín orin ìyìn ni mo gbàgbé ara mi, mo fun orin wéré Rùkáyàt. Odindi ẹsẹ kan. Bọ̀dá Àlàó wò mí bí ẹni tí adìẹ bá sọ̀rọ̀ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá ìjọ ti bọ́ síjó, wọ́n ní Ẹ̀mí ti sọ̀kalẹ̀, kí n tún un fun.

Mo tún un fun.

Ọjọ́ Ajé, 20

Àǹtí Mojí fẹ́ mọ ìdí tí ẹni tó ń lọ gba báàgì fi ń fín lọ́fínńdà. Mo ní nítorí eruku ọ̀nà ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21

Ìwé yìí nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Lánàá, báàgì náà fẹ́ wọlé. Ó ti ń wọlé lọ. Mo fi orúnkún dí i. Mo wá ní, "Háà, ó tún há o!" Rùkáyàt wo orúnkún mi. Ó wo ojú mi. Ó ní lóòótọ́ ni, ó tún há, kí n wá ní Ọjọ́bọ̀.

Bàálù mi, Àbámẹ́ta!

Ọjọ́bọ̀, 23

Àǹtí Mojí ní àwọn kò lè máa nàró jẹun nílé ara àwọn nítorí báàgì, àwọn á bá mi débẹ̀. Mo ń fà sẹ́yìn títí dé Ìyánà-Ìba.

Wọn kò tíì kí Rùkáyàt tán tí wọ́n ti kọwọ́ bọ báàgì. Wọ́n tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n fojú sí i, wọ́n fa fóòmù ràbàtà kan yọ lábẹ́ aṣọ inú. "Kí ni èyí ń ṣe níbí?" Wọ́n ti báàgì lẹ́ẹ̀kan. Fìrì, ó wọlé.

Rùkáyàt fọwọ́ bojú. Ó ní ó ti wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀, òun ló ń fi fóòmù kún un. Ó ní tí ó bá wọlé, n kò ní padà wá mọ́.

Mo ní èmi náà, orúnkún mi…

Àǹtí Mojí wo èmi, wọ́n wo òun. "Orí ẹ̀yin méjèèjì pé ṣá?" Wọ́n jókòó sórí bàálù. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Mùsùlùmí ni ọ́, àbí?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. "Aláṣọ funfun lèyí o. Wọn kì í wọ bàtà wọ ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn."

Rùkáyàt ní, "Àwa náà ń bọ́ bàtà ní mọ́ṣáláṣí, mà."

Wọ́n wo bàtà ẹsẹ̀ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá ní, "Ó dáa. Ìyẹn bára mu."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25. Àbújá!

Mo fò! Bí ẹyin ni mo ṣe gbé báàgì mi wọlé. Obìnrin òṣìṣẹ́ bàálù wo tíkẹ́ẹ̀tì mi, ó nawọ́ sí ìlà àkọ́kọ́. Iwájú pátápátá. Kò sí àga kankan níwájú mi. Kò sí àga, kò sí abẹ́ àga — ògiri gbalaja. Ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó gbé e sí ibi ẹrù lókè orí wa, ibi tí àgùntàn lè nà sí. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sún fẹ̀rẹ̀.

Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀, mo pe Rùkáyàt, mo ròyìn fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Bàbá òun ti gbọ́ nípa ọkùnrin kan tó ń gbé àga wá sí ìsọ̀ òun. Wọ́n ní kí n wá rí àwọn nílé ní Ọ̀jọ́, lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Mo bi í pé kí ni kí n gbé dání.

Ó ní, "Má gbé nǹkan kan. Ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì ni kó o kó wá."