Màlúù Tí Gwinyai Bó

Ìyá mi,

Ó di ọjọ́ mọ́kànlá tí mo gbé ọkọ mi kúrò lọ́dọ̀ yín wá sí ilé ìwòsàn ìjọ. Gwinyai ti lọ sinmi lọ́dọ̀ Ọlọ́run láti ọjọ́ Àìkú. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Bí màlúù yín ṣe ṣubú kú, ta ni ì bá bó awọ rẹ̀ bí kò ṣe ọkọ ọmọ yín? Èmi náà ni mo bá a di ẹsẹ̀ màlúù náà mú. Egbò dúdú yẹn ò sì dùn ún nígbà tó yọ sí i lọ́wọ́.

Bàbá Zvidzai, tí ojú rẹ̀ wú, wà ní ibùsùn tó kángun sí ti Gwinyai. Ó ní, "Bàálù ìjọba ló da ìyẹ̀fun olóró sórí koríko wa."

Nọ́ọ̀sì ní, "Baba, àìsàn màlúù ni. Ogun ò jẹ́ kí wọ́n rí màlúù yín gún lábẹ́rẹ́ mọ́."

"Ó dáa, ọmọ mi. Ṣé àìsàn náà mọ ọgbà wáyà ni, tí kò fi kọjá sọ́dọ̀ màlúù àwọn òyìnbó tó wà lódìkejì rẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì lọ ti fèrèsé.

Èmi ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹran màlúù náà tí a sá gbẹ ṣì wà lókè ààrò yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìnnà, ẹ má fún ajá pàápàá.

Ara mi le. Ọkà sadza ibí dùn. Ẹ má wo ìkọ̀wé mi tó wọ́, ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ọ́. Ọ̀tún ń sinmi díẹ̀, kò sì dùn mí rárá. Ẹ bá mi kí Mazvita àti gbogbo ilé.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni màá máa kọ̀wé sí yín.

Revai